Ṣé Ara Le?

Nílé wa, bí wọ́n bá bi ọ́ pé, "Ṣé ara le?"
"A dúpẹ́" ni ìdáhùn,
ì báà jẹ́ orí ẹní lo ti ń dáhùn,
ì báà jẹ́ pé o kò fojú ba oorun lóru àná.
Ẹni tó béèrè á ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run,"
á bá tirẹ̀ lọ.
Kò ní kí o ṣí aṣọ.
Kò mú gègé dání.

Ní Grimsby, lọ́dún tí àìsàn náà dé,
wọ́n gbé tábìlì kan sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ẹja.
Aago márùn-ún ìdájí, atẹ́gùn òkun ń gé etí bí abẹ,
a tò, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà láàárín ẹnì kan sí èkejì.
Clive na ohun funfun kan sí iwájú orí wa
bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn lu èrò inú wa.
Mi ò bínú sí ìyẹn.
Ibà tí mo bá gbé wọlé lónìí kan Rasa
tó ń gé orí ẹja níwájú mi,
ó kan ìyá rẹ̀ arúgbó tó ń dúró dè é nílé.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kejì, bébà dé.
Oògùn wo lò ń lò? Láti ìgbà wo?
Ta ló ń wúkọ́ nílé yín?
Ṣé o lóyún? Ṣé o ń gbèrò àtilóyún?
Mo wo ìyẹn títí.
Inú ẹni lorúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé;
inú mi ṣófo,
wọ́n ti fi àpótí kékeré kan dè é.

"Fún ààbò gbogbo wa ni," ni Clive wí.
Owó ilé kò mọ ohun tí à ń pè ní ẹ̀tọ́.
Mo kọ ọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀,
títí kan èyí tí ìyá àti bàbá mi jọ fún mi,
tí kò ran ẹnikẹ́ni rí,
tí mo gbé kọjá òkun bí ẹni gbé ẹyin.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ po tíì.
Orúkọ wa mọ́kànlélógún, wọ́n fi píìnì kàn án
sókè kẹ́tù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọ ife yín."
Orúkọ lápá òsì, àìsàn lápá ọ̀tún.
Wọ́n ṣi orúkọ mi kọ, Mórẹ́nikẹ́ di Morenke,
ṣùgbọ́n lẹ́tà kan kò ṣìnà lára àìsàn mi.
Rasa fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.
Kò sọ nǹkan kan.
Irin àga ló sọ ọ́ lórí sìmẹ́ńtì.

Mo dúró títí gbogbo wọn fi lọ.
Mo já a kúrò lára ògiri, mo rún un mọ́wọ́,
mo tẹ̀ ẹ́ sínú yìnyín, lábẹ́ àwọn ẹja
tí kì í pajú dé.

Wọ́n kọ lẹ́tà sí mi, pé mo ba ohun ìní ilé iṣẹ́ jẹ́.
Maureen, àgbà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bá mi wọ ọ́fíìsì,
ó fi ìka tí ọ̀bẹ ẹja ti jẹ létí tọ́ka sínú ìwé òfin:
"Ohun tí ẹ kò nílò, ẹ má béèrè.
Èyí tí ẹ bá béèrè, ẹ bò ó."
Clive ń wo fèrèsé.
Bébà náà kò padà sára ògiri.
Bóyá ó ṣì wà nínú ẹ̀rọ wọn, mi ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó rún un, mo kà á.
Láti òkè délẹ̀. Ojú kì í dúró gba àṣẹ.
Mo mọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Maureen.
Mo mọ ohun tí Rasa ń fi ẹ̀rín bò.
Mò ń gbé ẹrù tí wọn kò gbé lé mi lórí.
Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, mo rí i pé ẹ ti na ọrùn.
Ẹ béèrè bó ṣe yẹ kí á béèrè.
Ṣé ara wọn le?
Wọ́n dúpẹ́.
Èmi náà ńkọ́?
A dúpẹ́.